Ọ̀DÀ INÚ IHÒ ÈÉFÍN: BÍ A TI Í DÈNÀ RẸ̀ ÀTI BÍ A TI Í MÚ UN KÚRÒ



Kókó ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè dà bí ohun tí kò kàn wá rárá. Ilẹ̀ wa kì í tutù débi tí ènìyàn yóò fi dáná sínú iyàrá kí ó tó lè sùn. Ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé ìdáná ni a ti ń fi igi dáná, èéfín rẹ̀ a sì máa bá ojú fèrèsé àti abẹ́ òrùlé jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ro ti agbo ilé tirẹ̀ wò. Agbo ilé mélòó ni kò ní ọmọ, tàbí àbúrò, tàbí ọmọ-ọmọ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà? Àwọn ènìyàn wa ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń ra ilé níbẹ̀, òmíràn nínú àwọn ilé wọ̀nyí sì jẹ́ ilé àtijọ́, tí a ti mọ ihò èéfín rẹ̀ kí a tó bí bàbá ẹni tí ó rà á. Nígbà tí òtútù bá mú, tí owó iná mànàmáná àti owó gáàsì bá sì wọ́n, ọmọ wa yóò wo ààrò tí ó wà nínú iyàrá, yóò sì wí fún ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó dé tí n kò fi ra igi, kí n dáná?" Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n iná inú ilé ní òfin tirẹ̀, ẹni tí a kò tọ́ dàgbà lẹ́bàá rẹ̀ kò sì lè mọ òfin náà bí a kò bá kọ́ ọ. Àwọn kan kò kọ́ ọ títí di ọjọ́ tí ilé wọn ń jó.

Mo pín ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀nà márùn-ún: ohun tí ọ̀dà èéfín jẹ́, ewu tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó jìyà nítorí rẹ̀ ní ayé àtijọ́, bí a ti í dènà rẹ̀, àti bí a ti í mú un kúrò.

1. Ohun tí ọ̀dà èéfín jẹ́

Ihò èéfín, tí ẹlòmíràn ń pè ní ṣímínì, ni ọ̀nà tóóró tí a fi bíríkì, amọ̀ sísun tàbí irin ṣe, láti orí ààrò lọ sókè títí yóò fi kọjá òrùlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èéfín jáde. Ṣùgbọ́n kì í gbé gbogbo rẹ̀ jáde tán. Díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri inú ihò náà, a sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ohun tí ó lẹ̀ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní creosote. Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé tọmọdé tàgbà, èmi yóò máa pè é ní ọ̀dà èéfín, nítorí pé ó jọ ọ̀dà ní àwọ̀, ní òórùn, àti ní bí ó ti ń lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Orúkọ Òyìnbó náà ní ìtàn. Karl von Reichenbach, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Jámánì, yọ irú omi olóròóró kan jáde láti inú ọ̀dà igi ní nǹkan bí ọdún 1832. Ó ṣe àkíyèsí pé ẹran tí a bá rì sínú rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Nítorí náà ni ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ ọ́ lórúkọ: ìtumọ̀ èkíní ni ẹran, ìtumọ̀ èkejì ni olùgbàlà tàbí olùpamọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń yan ẹja ti mọ àṣírí yìí tipẹ́tipẹ́. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ó wà lára ẹja yíyan, tí ó ń dán, tí kì í sì jẹ́ kí ẹja náà tètè bàjẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọ̀dà inú ihò èéfín. Ohun tí ó ń ṣe wá lóore lórí àjà ni ó ń di ọ̀tá nínú ògiri ilé.

Báwo ni ó ti ń dé ibẹ̀? Ẹ rántí ìkòkò tí ń hó lórí iná. Bí a bá ṣí ọmọrí rẹ̀, a ó rí omi tí ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ ọmọrí náà. Oru ni ó gòkè, tí ó kan ohun tí ó tutù jù ú lọ, tí ó sì padà di omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti èéfín. Nígbà tí igi bá ń gbóná, omi inú rẹ̀ a kọ́kọ́ di oru. Lẹ́yìn náà ni gáàsì àti òróró inú igi yóò máa jáde. Bí iná bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, tí afẹ́fẹ́ sì tó o, gáàsì wọ̀nyí a jó, wọn a sì di ooru fún ará ilé. Ṣùgbọ́n bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì, tí ó ń rú èéfín láìní ahọ́n iná, wọn a gòkè lọ láìjó. Bí èéfín náà bá sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ooru rẹ̀ kò tó ìwọ̀n 120 mọ́ kí ó tó dé òkè ihò, òróró inú rẹ̀ a di omi lára ògiri, gẹ́gẹ́ bí omi abẹ́ ọmọrí ìkòkò. Iná ọjọ́ kejì a sì sè é di ọ̀dà.

Ipò mẹ́ta ni ọ̀dà yìí lè wà. Ní ipò kìíní, ó dà bí ìyẹ̀fun dúdú tàbí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá kúrò wẹ́rẹ́. Ní ipò kejì, ó ti di èèpo líle tí ń dán, búrọ́ọ̀ṣì lásán kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ní ipò kẹta, ó ti yọ́, ó ti ṣàn, ó sì ti gan mọ́ ògiri bí ìgbà tí a da gíláàsì dúdú sí i. Èyí ni ó burú jù lọ. Àwọn baba wa wí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ìyẹ̀fun ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tútù ń di òkúta nígbà tí ọ̀tútù bá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀.

2. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Ewu kìíní ni iná. Ẹ má ṣe rò pé ìdọ̀tí lásán ni ọ̀dà èéfín. Epo ni. Apá ibi tí ó dára nínú igi, tí ó yẹ kí ó jó nínú ààrò, ni ó sá gòkè lọ dúró sínú ògiri. Òwe wa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí kò gbá ihò èéfín rẹ̀ ti to epo dé òrùlé, ó sì ń dáná sí abẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́ kí ó tó lọ sùn.

Ní ọjọ́ kan tí ó bá da igi gbígbẹ púpọ̀ sínú ààrò, tàbí tí ó ju bébà sí i, ahọ́n iná kan lè gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó sì kan ọ̀dà náà. Nígbà náà ni iná yóò gba inú ihò kan. Ooru rẹ̀ lè tó ìwọ̀n 1,100. Àwọn tí ó ti gbọ́ ọ rí sọ pé ariwo rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ ojú irin tí ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Ẹta iná a máa tú jáde lókè, amọ̀ sísun tí a fi tẹ́ inú ihò a máa sán, irin a máa wọ́. Iná lè gba ojú ibi tí ó sán yìí kan igi àjà àti igi òrùlé, gbogbo ilé a sì lọ.

Irú iná mìíràn wà tí kì í pariwo. A máa jó jẹ́jẹ́ nínú ihò, a sì máa kú fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tí ó jókòó sí ìdí ààrò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sán ògiri inú ihò. Iná tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò gba ojú sísán yẹn wọ inú ilé. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wí pé, "Mo ti ń dáná níhìn-ín láti ọdún mẹ́wàá, ohunkóhun kò ṣe mí." Kò mọ ohun tí ó ti ṣe ihò rẹ̀.

Ewu kejì kò ní ariwo, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ọ̀dà, tàbí ìtẹ́ ẹyẹ, tàbí èérún bíríkì bá dí ihò, èéfín kò ní rí ọ̀nà lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide yóò sì padà sínú iyàrá. Òun kan náà ni ó ń pa àwọn tí ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn níhìn-ín. Orí fífọ́, òòyì ojú àti èébì ni àmì rẹ̀. Oorun ni ó sì ń fi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aago kékeré kan wà tí a ń gbé sí iyàrá, tí ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá wà. Ilé tí a ti ń fi igi dáná láìsí aago yìí, ilé tí kò ní olùṣọ́ ni.

3. Àwọn ọmọ tí ó jìyà nítorí rẹ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ iye tí àtúnṣe náà ti náni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ọmọdé ni búrọ́ọ̀ṣì.

Ihò èéfín àwọn ilé ńlá ìgbà náà tóóró, wọ́n sì lọ́ kọrọkọrọ. Òmíràn kò ju ínǹṣì 9 ní ìbú àti ínǹṣì 9 ní òró lọ. Àgbàlagbà kò lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá tí ń gba iṣẹ́ yìí ṣe fi ń gba àwọn ọmọ òtòṣì, tí òmíràn kò ju ọmọ ọdún 6 lọ, wọn a sì máa rán wọn gòkè nínú òkùnkùn kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún gun ihò náà, kí wọ́n máa ha ọ̀dà rẹ̀ bọ̀ sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ a bó, orúnkún a bó. Òmíràn há sínú ihò, ó sì kú síbẹ̀. Ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà bíi New York àti Charleston, ọmọ ènìyàn dúdú ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn kan jẹ́ ẹrú, àwọn kan jẹ́ òmìnira. Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò.

Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew ní London, kọ̀wé pé àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ gbígbá ihò èéfín ń ní àrùn jẹjẹrẹ kan ní awọ abẹ́ wọn, àti pé dúdú èéfín tí ó ń wọ ibẹ̀ ni ó fà á. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi hàn pé iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn lè fún un ní jẹjẹrẹ. Jonas Hanway pẹ̀lú jà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, Ilé Aṣòfin sì ṣe òfin ní 1788 pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tó ọdún 8 sí iṣẹ́ náà. Òfin wà nínú ìwé. Ọmọ sì wà nínú ihò.

Ní 1803, George Smart ṣe búrọ́ọ̀ṣì kan tí a lè fi ọ̀pá tí a so pọ̀ tì gòkè láti ìsàlẹ̀. Ní 1828, Joseph Glass tún un ṣe dáradára, irú tirẹ̀ ni a sì ń lò títí di òní. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ìdí kan tí ọmọ ènìyàn fi gbọdọ̀ wọ inú ihò èéfín mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé kọ̀: wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ń ba àga àti aṣọ ilẹ̀ jẹ́, àti pé kò lè yí igun ihò wọn. Òfin mìíràn dé ní 1834, òmíràn ní 1840, òmíràn ní 1864. Ní 1863, àlùfáà Charles Kingsley tẹ ìwé rẹ̀ The Water-Babies jáde, nípa ọmọ kan tí ń gbá ihò èéfín, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 1875, wọ́n rán ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ George Brewster sínú ihò èéfín ilé ìwòsàn kan ní Fulbourn, lẹ́bàá Cambridge. Ó há. Wọ́n wó ògiri láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kú. Wọ́n sọ ọ̀gá rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ní ọdún náà gan-an ni Ọlọ́lá Shaftesbury mú òfin wá pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá gbá ihò èéfín gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, èyí ni ó sì mú àṣà náà wá sí òpin.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Láti 1803 tí búrọ́ọ̀ṣì ti wà, títí di 1875 tí ọmọ yìí kú, ọdún 72 ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀nà wà. Ìnira díẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà á. Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé àìbìkítà kan náà ni ó ń sun ilé lónìí. Búrọ́ọ̀ṣì wà, ìmọ̀ wà, owó rẹ̀ kò pọ̀ tó owó ilé, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò wí pé, "Ó di ọdún tí ń bọ̀."

4. Bí a ti í dènà rẹ̀

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nǹkan mẹ́ta ni a ó máa wò láti òkèèrè: igi, iná, àti ihò fúnra rẹ̀.

Nípa ti igi. Omi inú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè tó ìdajì gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá dáná irú igi bẹ́ẹ̀, omi ni ó ń sè. Ooru tí ìbá lọ sí iyàrá ń lọ sórí omi, iná ń tutù, èéfín ń pọ̀, ọ̀dà sì ń dì. Igi tí ó yẹ ní dídáná ni èyí tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Kí a tó lè rí èyí, a ní láti la igi, kí a tò ó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí a gbé e kúrò ní ilẹ̀, kí a bo orí rẹ̀ ṣùgbọ́n kí a má ṣe bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Igi líle bíi óákù a máa fẹ́ ju ọdún kan lọ. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí. Ẹẹ̀rùn ni wọ́n ń tọ́jú igi tí wọn yóò fi dáná ní ìgbà òjò.

Báwo ni a ó ti mọ igi gbígbẹ? Ojú rẹ̀ a sán yíká. Èèpo rẹ̀ a máa ṣí. Ó fúyẹ́ ju bí a ti rò lọ. Bí a bá fi méjì kan ara wọn, wọn a dún gbangba. Ti igi tútù a dún gbì. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí a ń gún mọ́ ojú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ó ń sọ iye omi tí ó kù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí igi tí a ń tà ní ìwọ̀nba díẹ̀ fún ìdáná ilé jẹ́ èyí tí omi rẹ̀ kò ju ìdá 20 lọ, kí a sì kọ Ready to Burn sí i. Kí ọmọ wa máa wá àmì náà kí ó tó sanwó.

Àwọn kan gbà pé igi olóje, bíi páìnì, ni ó ń fa ọ̀dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páìnì gbígbẹ sàn ju óákù tútù lọ fíìfíì. Omi inú igi àti bí a ti ń dáná rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná igi tí a kùn, tàbí tí a fi oògùn kòkòrò rẹ, tàbí páálí, tàbí ike, tàbí pàǹtí ilé. Èéfín wọn ní oró, òmíràn a sì máa gbé ahọ́n iná gígùn sínú ihò.

Nípa ti iná. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí: ní alẹ́, ènìyàn a kó igi kún inú ààrò onírin, a sì pa ojú atẹ́gùn dé, kí iná lè máa jó jẹ́jẹ́ títí di òwúrọ̀. Ó rò pé òun ń ṣọ́ igi lò. Òru ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀dà sílẹ̀ ju ọjọ́ púpọ̀ tí a dáná dáradára lọ. Iná kékeré tí ó gbóná, tí ahọ́n rẹ̀ ń jó kedere, sàn ju iná ńlá tí ń rú èéfín lọ. Kí a fún un ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ihò lè tètè gbóná. Kí a má ṣe dín afẹ́fẹ́ náà kù títí igi yóò fi gbiná dáradára. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru wà tí a lè lẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin ààrò, tí yóò máa fi hàn bí iná bá tutù jù tàbí bí ó bá gbóná jù. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ láìsí ẹ̀rọ, kí a jáde lọ wo òkè ilé: bí iná bá ti gbilẹ̀ tí èéfín dúdú ṣì ń rú gùdù, ọ̀dà ń dì nísàlẹ̀ rẹ̀. Èéfín kì í parọ́ fún ẹni tí ó bá gbójú sókè.

Nípa ti ihò. Ihò tí a mọ sí ara ògiri ìta máa ń tutù ju èyí tí ó gba àárín ilé kọjá lọ. Ihò tí ó fẹ̀ jù fún ààrò náà máa ń jẹ́ kí èéfín lọ́ra kí ó sì tutù. Nítorí náà, bí a bá gbé ààrò onírin sínú ilé àtijọ́, ó yẹ kí a fi ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ẹnu ààrò mu, sínú ihò ńlá náà, kí a sì fi ohun tí ń pa ooru mọ́ wé e. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ni pé kí ihò yọ sókè kọjá ibi tí ó ti gba òrùlé jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán, kí ó sì ga ju ohunkóhun tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Kí a fi ìbòrí alásẹ́ dé orí rẹ̀ nítorí òjò àti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kí a máa yẹ asẹ́ náà wò, nítorí ọ̀dà a máa dí òun náà.

5. Bí a ti í mú un kúrò

Bí ó ti wù kí a dáná dára tó, ọ̀dà díẹ̀ yóò wà. Ìlànà ẹgbẹ́ National Fire Protection Association ti Amẹ́ríkà ni pé kí a máa yẹ ihò èéfín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Ẹni tí ń fi igi dáná lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù ní láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀dà bá ti nípọn tó mílímítà 3, àkókò gbígbá ti tó. Bí èyí tí ń dán bí gíláàsì bá sì fara hàn, kí a má ṣe dúró de ìwọ̀n kankan. Ìgbà tí ó dára jù ni ìparí òtútù tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nítorí bí òtútù bá ti dé, gbogbo ènìyàn ni ń wá agbáhò èéfín.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. A ó jẹ́ kí iná kú, kí ààrò àti ihò sì tutù pátápátá. A ó fi aṣọ dí ojú ààrò kí dúdú má ba iyàrá jẹ́. A ó mú búrọ́ọ̀ṣì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ihò náà mu gẹ́lẹ́: onírin fún ihò amọ̀ sísun, oníke fún ọ̀pá irin, kí irin má ha irin. A ó máa so ọ̀pá mọ́ ọ̀pá, a ó máa tì í lọ, a ó máa fà á bọ̀, láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè, títí a ó fi dé ìpẹ̀kun. A ó kó ohun tí ó bá bọ́ sílẹ̀, a ó sì gbá apá ibi tí dúdú ń jókòó sí lókè ààrò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ẹni tí ń ṣe é gbọdọ̀ bo imú àti ojú rẹ̀. Ohun tí Pott rí ní 1775 kò tí ì yí padà.

Ọ̀dà ipò kejì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ń yí, tí ń ha á. Ti ipò kẹta ń fẹ́ oògùn tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ń fọ́. Nígbà mìíràn, kíkó gbogbo ohun tí a fi tẹ́ inú ihò jáde nìkan ni ó kù. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni èyí. Igi kan wà tí a ń tà lọ́jà, tí a fi oògùn po, tí wọ́n ní bí a bá dáná rẹ̀ yóò gbọn ọ̀dà sílẹ̀. Ó lè sọ ọ̀dà di gbígbẹ, kí ó sì rọrùn láti gbá. Ṣùgbọ́n kò lè gbá a. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan dà bí ẹni tí ó da omi sí abọ́ tí kò sì fọ̀ ọ́. Kí ọmọ wa pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kí ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ìwé náà. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò mìíràn a máa béèrè rẹ̀ lẹ́yìn iná.

Nípa ti eérú pẹ̀lú, ẹyin iná lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kí a kó o sínú garawa irin tí ó ní ọmọrí, kí a gbé e sí ìta, jìnnà sí ara ilé. Kí a má ṣe kó o sínú àpò tàbí páálí láé.

Bí ihò bá gbiná ńkọ́? Kí gbogbo ará ilé jáde, àwọn ọmọ ní àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, kí a ti ilẹ̀kùn ààrò àti ojú atẹ́gùn rẹ̀ bí a ti ń jáde, kí iná má rí afẹ́fẹ́. Kí a pe àwọn panápaná: 999 ni nọ́ńbà wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Kí a má ṣe da omi sínú ihò tí ó gbóná, nítorí omi lórí ohun tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ yóò sán an, oru rẹ̀ sì lè bó ènìyàn. Kí a má sì ṣe padà sínú ilé nítorí ẹrù. Lẹ́yìn tí iná bá kú, kí a má ṣe dáná níbẹ̀ mọ́ títí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò fi yẹ gbogbo ihò náà wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ẹ̀yin ará, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bá àwọn ọmọ yín tí ó wà ní òkèèrè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè àlàáfíà wọn àti ti àwọn ọmọ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta sí i: Ṣé ẹ ń fi igi dáná nínú ilé? Nígbà wo ni a gbá ihò èéfín yín kẹ́yìn? Ṣé aago tí ń ké nítorí afẹ́fẹ́ olóró wà ní iyàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí? Bí ìdáhùn sí èkíní bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí wọn kò sì rí nǹkan kan wí sí èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dáná mọ́ títí wọn yóò fi pe agbáhò. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín pé bàbá àti ìyá tí kò rí yìnyín rí ń kọ́ àwọn ní ìdáná òtútù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí wọ́n jí ní òwúrọ̀.